Ìlú Ọba àti Írẹ́lándì, ta ló lówó jù? Àwọn ìbéèrè tí kì í tán lórí GDP àwọn méjèèjì

Kí ni GDP gan-an?

GDP ni àpapọ̀ iye owó gbogbo ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jáde nínú orílẹ̀-èdè kan láàárín ọdún kan. Mọ́tò tí wọ́n tò, irun tí wọ́n gẹ̀, màlúù tí wọ́n sìn, ẹ̀kọ́ tí tíṣà kọ́ni, owó ilé tí ayálégbé san, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń ṣírò pọ̀. Wọ́n á wá yọ ohun tí wọ́n fi ṣe ọjà náà kúrò kí wọ́n má baà ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ti ka búrẹ́dì, wọn ò ní tún ka fúláwà tó wà nínú ẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ṣe nǹkan ni GDP ń wò, kì í wo ẹni tó ni ín. Bí ará Amẹ́ríkà bá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Dublin, inú GDP Írẹ́lándì ni iṣẹ́ yẹn máa wọ̀, bí èrè ẹ̀ tiẹ̀ padà sí Amẹ́ríkà pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú dáadáa, torí òun ló wà nídìí ìdajì àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀.

Èwo ló tóbi jù nínú àwọn méjèèjì?

Ìlú Ọba ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ní 2023, GDP Ìlú Ọba lé ní tírílíọ̀nù 3 dọ́là, ti Írẹ́lándì ò sì jìnnà sí bílíọ̀nù 550 dọ́là. Tẹ́ ẹ bá pín in, ti Ìlú Ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà.

Kí ló wá dé tí gbogbo èèyàn ń sọ pé Írẹ́lándì lówó ju Ìlú Ọba lọ?

Torí iye èèyàn ni. Èèyàn tó wà ní Ìlú Ọba tó mílíọ̀nù 68, àwọn tó wà ní Írẹ́lándì ò ju mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀ lọ (ìkànìyàn 2022 ka mílíọ̀nù 5.15). Tẹ́ ẹ bá wá pín GDP fún orí kọ̀ọ̀kan, ti Írẹ́lándì á lé ní 100,000 dọ́là, ti Ìlú Ọba ò ní tó 50,000. Lórí ìwé, ará Írẹ́lándì kan lówó tó ará Ìlú Ọba méjì.

Mo sọ pé lórí ìwé o. Ẹni tó bá ti gbé ní Dublin tó sì ti gbé ní Manchester mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀.

Ṣé Northern Ireland wà nínú ti Írẹ́lándì?

Rárá. Belfast, Derry àti gbogbo ìgbèríko tó yí wọn ká, inú GDP Ìlú Ọba ni wọ́n wà. Írẹ́lándì tá à ń sọ níbí ni ilẹ̀ olómìnira tí Dublin jẹ́ olú ìlú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi àtijọ́ wé òde òní, torí nígbà tí wọ́n pín erékùṣù yẹn ní nǹkan bí 1921 sí 1922, apá àríwá ni fákítọ̀rì wà. Belfast ni wọ́n ti ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti kan ọkọ̀ ojú omi Titanic. Oko àti màlúù ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù fún Dublin. Ẹni tó bá gbé chart tó bẹ̀rẹ̀ láti 1900 fún yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé Írẹ́lándì wo ló ń kà, gbogbo erékùṣù ni àbí apá kan.

Báwo ni àwọn méjèèjì ṣe rí síra wọn láyé àtijọ́?

Ìlú Ọba ni ọ̀gá, kò tiẹ̀ sí ìdíje. Ìlú Ọba ló kọ́kọ́ dá iṣẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ láyé, nígbà tí Írẹ́lándì ṣì wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń fi màlúù, bọ́tà àti ọkà ránṣẹ́. Ìyàn ńlá tó mú wọn láàárín 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba ọ̀dùnkún jẹ́, pa nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn, àwọn tó sá kúrò nílùú sì tún lé ní mílíọ̀nù kan. Ní 1841, èèyàn tó wà ní gbogbo erékùṣù yẹn lé ní mílíọ̀nù 8. Títí dòní olónìí, wọn ò tíì padà tó iye yẹn, mi ò sì mọ ilẹ̀ Yúróòpù míì tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Lẹ́yìn òmìnira, nǹkan ò tètè yí padà. Láàárín 1932 sí 1938 àwọn méjèèjì ń bá ara wọn ja ogun owó-ibodè, èyí tó gún Írẹ́lándì lára jù torí Ìlú Ọba ni oníbàárà ẹ̀ tó tóbi jù. Ní 1950, tá a bá lo ìṣirò tí Angus Maddison ṣe, ẹni tó fi gbogbo ayé ẹ̀ wá GDP àtijọ́ káàkiri àgbáyé, ohun tí orí kọ̀ọ̀kan ń pèsè ní Írẹ́lándì ò ju ìdajì ti Ìlú Ọba lọ. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 yẹn náà, àwọn tó kó ẹrù wọn kúrò ní Írẹ́lándì lé ní 400,000, èyí tó pọ̀ jù lára wọn sì gba Ìlú Ọba lọ láti lọ ṣe iṣẹ́ kọ́lékọ́lé àti nọ́ọ̀sì. Ní 1961, èèyàn tó kù nílùú ò ju mílíọ̀nù 2.8 lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé japa ló ń ba ilé jẹ́, Írẹ́lándì ti japa rí, odindi ìran kan ló sì lọ.

Kí ló wá yí i padà?

Kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo, kì í sì í ṣe ọjọ́ kan. Ní 1958, T. K. Whitaker tó jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó kọ ètò kan sílẹ̀ tó sọ pé kí wọ́n yéé ti ìlẹ̀kùn mọ́rí, kí wọ́n jẹ́ káwọn ará ìta wá dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ní 1959 wọ́n dá ibùdó òwò tí kò sí owó-ibodè sílẹ̀ ní Shannon, lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú. Ní 1967, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ Donogh O'Malley bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ọ̀fẹ́ (àwọn àgbà ilé wa tó jẹ ànfààní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955 á mọ ohun tí irú ẹ̀ lè ṣe fún ìran kan, bí tiwa tiẹ̀ jẹ́ praimárì).

Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, Írẹ́lándì, Ìlú Ọba àti Denmark jọ wọ ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣòwò Yúróòpù lọ́jọ́ kan náà. Lásìkò yẹn, ti Írẹ́lándì lórí orí kọ̀ọ̀kan ò tíì tó ìdá 60 nínú 100 ti Ìlú Ọba. Ohun tí ìwọlé yẹn ṣe fún un ni pé kò gbára lé oníbàárà kan ṣoṣo mọ́, torí ní nǹkan bí 1960, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọjà tó ń tà sókè òkun, Ìlú Ọba ló ń rà á. Ní 1979 wọ́n já owó wọn kúrò lára pọ́n-ùn, èyí tí wọ́n ti so mọ́ ọn ní ọ̀kan-sí-ọ̀kan láti ọjọ́ pípẹ́.

Àmọ́ ẹ má rò pé ìgbà tí wọ́n wọlé tán ni ọ̀nà là. Ọdún 1980 sí 1987 burú fún wọn: gbèsè ga, owó-orí ga, àìríṣẹ́ṣe dé nǹkan bí ìdá 17 nínú 100, àwọn ọmọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Láti 1987 ni ìjọba, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó pọ̀, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lórí owó oṣù, tí ìjọba dín ìnáwó kù. Intel dé sí Leixlip ní 1989. Owó-orí ilé-iṣẹ́ kéré (ìdá 10 fún àwọn tó ń ṣe nǹkan jáde, ó wá di 12.5 fún gbogbo òwò láti 2003), àwọn ọmọ tó kàwé pọ̀ nílẹ̀, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ọjà Yúróòpù sì ṣí sílẹ̀ fún wọn láìsí ibodè. Ẹni tó bá sọ fún yín pé owó-orí kékeré nìkan ló ṣe é, ẹ bi í pé kí ló dé tí àwọn ìlú míì tí owó-orí wọn kéré ò dà bíi Írẹ́lándì.

Ọdún wo gan-an ni Írẹ́lándì kọjá Ìlú Ọba?

Tó bá jẹ́ GDP lórí orí kọ̀ọ̀kan, apá ìparí ọdún 1990 sí 2000 ni. Ní 1990, Írẹ́lándì ṣì wà ní nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ti Ìlú Ọba, nígbà tó fi máa di 2000 ó ti kọjá. Ọdún mẹ́wàá péré. Ọdún kan pàtó kò ṣeé tọ́ka sí, torí ó dá lórí owó tẹ́ ẹ fi ṣírò ẹ̀, ìwé ìṣirò kan á sọ ọdún yìí, òmíràn á sọ ọ̀tọ̀, àwọn méjèèjì ò sì parọ́.

Tó bá jẹ́ owó tó dúró lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn ní 2008?

Àwọn méjèèjì ló ṣubú, ti Írẹ́lándì ló dun egungun jù. Báńkì wọn ti yá àwọn kọ́lékọ́lé lówó kọjá agbára, nígbà tí iye ilé já wálẹ̀ ìjọba dìde ní òru ọjọ́ 29 sí 30 oṣù kẹsàn-án 2008, wọ́n ṣe onídùúró fún gbogbo báńkì ńlá wọn, wọ́n ò sì mọ bí kòtò náà ṣe jìn tó. Oṣù kọkànlá 2010 ni wọ́n lọ gba ìrànwọ́ bílíọ̀nù 85 yúrò (17.5 nínú ẹ̀ jẹ́ owó tiwọn fúnra wọn). Ìlú Ọba wà lára àwọn tó yá wọn lówó. Wọ́n jáde nínú ètò yẹn ní oṣù kejìlá 2013.

Ìlú Ọba náà gba báńkì ẹ̀ là, àmọ́ owó tiẹ̀ ló ń ná, ó lè jẹ́ kí pọ́n-ùn já wálẹ̀. Írẹ́lándì ò lè já yúrò wálẹ̀, torí náà owó oṣù àti ìnáwó ìjọba ló já. Lórí chart, ẹ máa rí i pé lẹ́yìn 2008 Írẹ́lándì gbéra padà kíákíá, nígbà tí ìlà Ìlú Ọba ń rìn ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà tó ti ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má tíì gba ìlà Írẹ́lándì yẹn gbọ́ o, ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé e ná.

Ṣé lóòótọ́ ni GDP Írẹ́lándì fi ìdá 26 nínú 100 lọ sókè lọ́dún kan ṣoṣo?

Lóòótọ́ ni wọ́n kéde ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù keje 2016, àjọ oníṣirò wọn, CSO, ní GDP ọdún 2015 ti fi ìdá 26.3 nínú 100 gbèrú. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìdá 7.8 ni wọ́n ti sọ. Kò sí ìlú ọlọ́rọ̀ tí irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí lásìkò àlàáfíà. Paul Krugman, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó gba ẹ̀bùn Nobel, pè é ní "leprechaun economics", ìyẹn ìṣirò iwin, torí leprechaun ni iwin kékeré inú àlọ́ àwọn ará Írẹ́lándì.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá láti òkèèrè, pàápàá àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, fóònù àti oògùn, kó ẹ̀tọ́ lórí ìmọ̀ wọn wá sí Írẹ́lándì. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe òṣìṣẹ́, ìwé ẹ̀tọ́ ni: àṣẹ lórí sọ́fítíwíà, lórí oògùn, lórí orúkọ ọjà. Bí ìwé yẹn ṣe ti di ti ẹ̀ka wọn tó wà ní Írẹ́lándì, gbogbo owó tó bá ti ara ẹ̀ wọlé láti gbogbo àgbáyé di ohun tí Írẹ́lándì "pèsè". Apple ni gbogbo èèyàn gbà pé tiẹ̀ tóbi jù nínú wọn. Fóònù yẹn, ilẹ̀ China ni wọ́n ti ń tò ó, àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀ka Írẹ́lándì ló ni ọjà yẹn nígbà tí wọ́n ń tà á, inú GDP Írẹ́lándì ló ń wọ̀. Ẹ tún fi àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú háyà kún un, iṣẹ́ tó ti wà lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti dá Guinness Peat Aviation sílẹ̀ ní Shannon ní 1975: ọkọ̀ òfuurufú náà lè máa fò láti Jakarta lọ sí Manila kó má balẹ̀ sí Dublin rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ inú ìwé Írẹ́lándì ló wà.

Ọmọbìnrin tó ń bá Alhaja tajà ní Balógun lè ta mílíọ̀nù méjì náírà lójúmọ́, gbogbo owó yẹn gba ọwọ́ ẹ̀ kọjá, àmọ́ tó bá di alẹ́ owó oṣù ẹ̀ nìkan ni tiẹ̀. Ohun tí GDP Írẹ́lándì ń kà ni gbogbo mílíọ̀nù méjì yẹn. Òótọ́ ni pé ó tà á. Irọ́ ni pé tiẹ̀ ni.

Kí wá ni GNI* tó ní ìràwọ̀ lẹ́yìn yẹn?

Ìtìjú ọdún 2015 ló bí i. Ìgbìmọ̀ kan tí Philip Lane ṣe alága ẹ̀, ẹni tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ wọn nígbà yẹn, jókòó wo ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì dá ìwọ̀n tuntun sílẹ̀. CSO bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e jáde ní 2017. Láti orí GDP, wọ́n kọ́kọ́ yọ èrè tó jáde lọ bá àwọn olówó òkèèrè, wọ́n wá tún yọ èrè àwọn kọ́ńpìnnì tó kàn gbé àdírẹ́sì wọn wá, àti owó gbígbó (ìyẹn iye tí nǹkan fi ń dín kù bó ṣe ń pẹ́) ti ìwé ẹ̀tọ́ àti ti ọkọ̀ òfuurufú háyà.

Ìyàtọ̀ ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní 2016, GDP jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 275 yúrò, GNI* jẹ́ 189. Ní 2023, GDP jẹ́ nǹkan bí 510, GNI* jẹ́ nǹkan bí 290. Ìyẹn ni pé ó lé ní ìdá 40 nínú 100 GDP Írẹ́lándì tí kì í ṣe ti àwọn ará Írẹ́lándì. Mo gbóríyìn fún àjọ yẹn gan-an, torí ìjọba mélòó ló lè jáde wá sọ fún gbogbo ayé pé ìlú wa ò lówó tó bí ìwé ṣe ń sọ?

Tá a bá wá lo GNI*, ta ló lówó jù?

Wọ́n sún mọ́ra gan-an. GNI* Írẹ́lándì tí a pín fún orí kọ̀ọ̀kan ní 2023 jẹ́ nǹkan bíi 55,000 yúrò, GDP Ìlú Ọba lórí orí kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 45,000 tí a bá yí i sí yúrò. Írẹ́lándì ṣì wà níwájú, kì í ṣe ìlọ́po méjì mọ́. Àmọ́ ọjà wọ́n ní Írẹ́lándì, òun àti Denmark ló ń du ipò kìíní láti bí ọdún mélòó kan nínú àwọn ìlú ẹgbẹ́ Yúróòpù tí ọjà ti wọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ̀wọ́n yẹn, àlàfo yẹn á tún kéré sí i, ó lè má kù rárá.

Ìwọ̀n kan tún wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹ̀ lọ fún irú ìbéèrè yìí. Wọ́n ń pè é ní AIC, ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń jẹ tó sì ń lò nítòótọ́ ló ń kà, títí kan ìtọ́jú ilé ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ tí ìjọba san owó ẹ̀. Kí Ìlú Ọba tó kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, tí ilé-iṣẹ́ oníṣirò ẹgbẹ́ náà ṣì ń ka àwọn méjèèjì pọ̀, Ìlú Ọba wà lókè ìpíndọ́gba Yúróòpù lórí AIC, Írẹ́lándì sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀. Ní àwọn ọdún kan náà yẹn ni GDP ń sọ pé Írẹ́lándì fi ọ̀pọ̀ gàgàrà lọ́rọ̀ ju Ìlú Ọba lọ! Kò sí ibi tó hàn jù báyìí lọ pé ohun tí ìlú ń tà àti ohun tí ará ìlú ń jẹ kì í ṣe nǹkan kan náà.

Owó wo ni ká fi ṣírò, dọ́là, pọ́n-ùn àbí yúrò?

Ó dá lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi dọ́là ojú ọjà ṣírò, iye pàṣípààrọ̀ lè tàn yín jẹ. Lẹ́yìn ìbò Brexit ọjọ́ 23 oṣù kẹfà 2016, tí Ìlú Ọba fi yàn láti kúrò nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù, pọ́n-ùn já láti nǹkan bíi dọ́là 1.50 wá sí ìsàlẹ̀ 1.35 kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ṣé òṣìṣẹ́ Birmingham ṣe iṣẹ́ tó dín ní ìdá mẹ́wàá lọ́jọ́ yẹn ni? Kò sí ohun tó jọ ọ́. Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ èyí dáadáa, nígbà tí náírà já ní 2023, GDP wa ní dọ́là rún wálẹ̀ nígbà tí oko àti ọjà ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Fún ìgbé ayé àwọn èèyàn, ẹ lo PPP, èyí tó ń wo ohun tí owó lè rà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan. Fún ìdàgbàsókè láti ọdún dé ọdún, ẹ lo owó ìlú náà fúnra ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ọ̀wọ́ngógó ọjà kúrò. Dọ́là ojú ọjà dára fún ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ agbára tí ìlú ní láti ra nǹkan lókè òkun tàbí láti san gbèsè, ó tán.

Ọdún tí Kòrónà dé, ṣé lóòótọ́ ni Írẹ́lándì gbèrú tí Ìlú Ọba sì ṣubú?

Ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ní 2020 GDP Ìlú Ọba já ní nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, ti Írẹ́lándì lọ sókè ní ìdá 6 ó lé. Oògùn àti kọ̀ǹpútà ni, ayé ń rà wọ́n lọ́dún yẹn. Ilé ọtí tì pa, ilé oúnjẹ tì pa, àwọn tó ń gẹrun jókòó sílé. Tẹ́ ẹ bá wo ohun tí wọ́n ná nínú ìlú nìkan, láìka ìwé ẹ̀tọ́ àti ọkọ̀ òfuurufú, Írẹ́lándì náà ṣubú.

Ti Ìlú Ọba náà ní àlàyé tiẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Oníṣirò wọn kì í fi owó tí ìjọba ná díwọ̀n iṣẹ́ ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn, iye ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ àti iye aláìsàn tí wọ́n tọ́jú ni wọ́n ń kà. Torí náà bí wọ́n ṣe ti ilé-ìwé pa, iye yẹn já. Àwọn ìlú míì tó ń fi owó oṣù tíṣà díwọ̀n ẹ̀ ò rí i kó já tó bẹ́ẹ̀. Ní 2023 ẹ̀wẹ̀, GDP Írẹ́lándì lọ sílẹ̀ lọ́dún tí iye àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Ẹ wá sọ fún mi irú ìjákulẹ̀ wo nìyẹn.

Ṣé ìṣirò yìí kan gbèsè ìjọba náà?

Ó kàn án gan-an ni. Gbèsè Írẹ́lándì ní 2023 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 220 yúrò. Tẹ́ ẹ bá gbé e lé GDP, ó jẹ́ ìdá 43 nínú 100, ẹ máa rò pé ìlú yìí ò jẹ gbèsè. Tẹ́ ẹ bá gbé e lé GNI*, ó di ìdá 76. Iye kan náà, ìlú kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbèsè Írẹ́lándì wé ti Ìlú Ọba kó lo èkejì.

Kí wá ni Írẹ́lándì ń jẹ nínú gbogbo owó tó ń kọjá yẹn?

Owó-orí àti iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ní Cork àti àwọn ti kọ̀ǹpútà ní Dublin gba ọ̀pọ̀ èèyàn sí iṣẹ́ tó ń sanwó dáadáa. Owó-orí náà ń wọlé gidi, ní 2023 owó-orí ilé-iṣẹ́ nìkan tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 24 yúrò, ìjọba wọn sì ń rí owó ṣẹ́ kù nígbà tí Ìlú Ọba ń yá owó. Ohun tó ń bani lẹ́rù ni pé kọ́ńpìnnì mẹ́wàá péré ló ń san ju ìdajì ẹ̀ lọ. Bí méjì nínú wọn bá kẹ́rù lọ lọ́la, ihò ńlá ló máa ṣẹ́ kù. Láti 2024 Írẹ́lándì ti gbé owó-orí àwọn kọ́ńpìnnì tó tóbi jù sí ìdá 15 láti bá àdéhùn àgbáyé mu.

Ti Apple ńkọ́? Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ní 2016 ni kí Írẹ́lándì gba bílíọ̀nù 13 yúrò owó-orí lọ́wọ́ wọn, ìjọba Írẹ́lándì fúnra ẹ̀ ló lọ sí kóòtù pé òun ò gbà á. Oṣù kẹsàn-án 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga jù ní Yúróòpù parí ẹ̀, wọ́n ní dandan ni.

Ṣé Brexit ló ba ti Ìlú Ọba jẹ́?

Ó dá kún un, kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ohun tó ń ṣe Ìlú Ọba ti wà nílẹ̀ láti 2008: iye tí òṣìṣẹ́ ń pèsè ní wákàtí kan, tó máa ń lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 lọ́dọọdún tẹ́lẹ̀, kò tó ìdá kan mọ́ láti ìgbà yẹn. Wọn ò fi owó sí ẹ̀rọ àti ojú irin tó, London sì ń fà gbogbo ìyókù lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá yọ London kúrò, ọ̀pọ̀ agbègbè Ìlú Ọba ò sàn ju àwọn agbègbè tálákà ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù lọ, èyí sì dùn mí torí àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀.

Brexit wá fi ìwé àti ibodè kún òwò, ó sì lé owó ìdókòwò sẹ́yìn. Ẹ má ṣáà fi GDP Írẹ́lándì ṣe ẹ̀rí pé "ẹ wo ohun tí Ìlú Ọba ì bá jẹ́", torí ìwé ẹ̀tọ́ Apple kọ́ ni Brexit gbà lọ́wọ́ Ìlú Ọba.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń ka oògùn olóró àti iṣẹ́ aṣẹ́wó?

Òótọ́ ni. Láti 2014 ni òfin ìṣirò Yúróòpù ti ní kí gbogbo wọn kà á, kí ìlú tí nǹkan wọ̀nyí ti bófin mu má baà dà bíi pé ó lówó ju ìlú tí wọ́n ti ń ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn ni Ìlú Ọba fi kún tiẹ̀ fún ọdún 2009. Írẹ́lándì náà kà á.

Irú àtúnṣe báyìí ló ń mú kí iye àtijọ́ yí padà. Tiwa ní Nàìjíríà ní oṣù kẹrin 2014 tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n yí ọdún ìpìlẹ̀ láti 1990 sí 2010, wọ́n ka fíìmù àti tẹlifóònù dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́, GDP 2013 sì fò láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 270 dọ́là sí 510. Ilẹ̀ mọ́, a di ẹni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà, epo bẹntiróòlù ò sì dínwó.

London ni mo wà, ṣé kí n kó lọ sí Dublin torí pé wọ́n lówó jù?

GDP ò lè dá yín lóhùn, ẹ má bi í. Ẹ wo owó oṣù iṣẹ́ tiyín gan-an, ẹ wo owó ilé, torí ilé ṣọ̀wọ́n ní Dublin débi pé àwọn ọmọ onílé fúnra wọn ń gbé lọ́dọ̀ òbí wọn lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún. Ẹ wo ìtọ́jú ìlera: lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Írẹ́lándì, ẹ ó sanwó kẹ́ ẹ tó rí dókítà àdúgbò, ní Ìlú Ọba ọ̀fẹ́ ni. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣe IT máa ń rí i pé owó Dublin dára, kí owó ilé tó wá mú nínú ẹ̀.

Ohun kan tó ṣe pàtàkì: ẹni tó ní páálí Ìlú Ọba lè lọ gbé kó sì ṣiṣẹ́ ní Írẹ́lándì láìgba físà, torí àdéhùn ìrìnnà tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹni tó wà lórí físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ẹ̀tọ́ yẹn o, bó ti wù kó pẹ́ tó ní London. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín lórí ìyẹn.

Mo fẹ́ ya chart tèmi, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ mú ọdún tó gùn, ó kéré tán láti 1973 tí wọ́n jọ wọ Yúróòpù. Ẹ pín in fún iye èèyàn ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi iye èèyàn òní pín owó àná. Ẹ lo GDP fún Ìlú Ọba, fún Írẹ́lándì ẹ ya ìlà méjì, GDP àti GNI*, kí ẹni tó ń wò ó lè rí ibi tí wọ́n ti pínyà (CSO ti ṣe GNI* padà sẹ́yìn dé 1995). Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 2009 tí Írẹ́lándì wà nínú kòtò, ẹ má sì parí sí 2007 tó wà lórí òkè, torí ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ, ọdún ìbẹ̀rẹ̀ àti ọdún ìparí ló máa ń yàn. Kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sí abẹ́ ẹ̀ pé owó wo lẹ lò, ọdún ìpìlẹ̀ wo, àti oṣù tẹ́ ẹ wa iye náà jáde, torí wọ́n á tún un ṣe.